Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà nínú mọ́tò àtijọ́: èwo ni kẹ́ ẹ mú nínú márùn-ún yìí?

Àbúrò mi kan ní Kétu fi fótò mọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, sílíńdà mẹ́fà ni gbogbo wọn o, èwo ni kí n lọ san owó ẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn dá a lóhùn, ohùn àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìkejì gba mẹ́fà, nígbà tó yá mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí òun nìkan kọ́ ló ń béèrè. Láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní orílẹ̀-èdè Benin títí dé Sábẹ̀ làwọn èèyàn ti ń wá mọ́tò àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnì gidi, wọn ò sì mọ èyí tó máa bá àpò wọn àti ọ̀nà wọn mu.

Mi ò sọ̀rọ̀ V8 onísílíńdà mẹ́jọ o, mi ò sì sọ̀rọ̀ tọ́bò. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà lásán ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n fi sínú mọ́tò ìdílé, mọ́tò ọ́fíìsì àti mọ́tò oko, tẹ́nì kankan kì í fi í yangàn, tó kàn ń jí ṣiṣẹ́ ẹ̀ láràárọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Tí mo bá gbọ́ ọ lójú pópó mo máa ń dúró kó fi kọjá tán.

Ohun tó mú un yàtọ̀ nìyí. Ẹ ronú sí odó iyán. Tí èèyàn méjì bá ń gún un, ọmọ odó kan á ti gbéra kí èkejì tó balẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ àlàfo láàárín. Tí wọ́n bá di mẹ́ta tí ọwọ́ wọn mọ ara wọn, èkejì ti balẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó kúrò níbẹ̀, odó ò ní rí àyè sinmi, ìró ẹ̀ á sì di ọ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ́ńjìnì rí. Oní sílíńdà mẹ́rin máa ń mú iná lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì ìyípo, agbára ti àkọ́kọ́ á tán kí ti èkejì tó dé. Oní mẹ́fà máa ń mú iná ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìyípo, èkejì á wá bá àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá tún to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ìlà kan, písítìn kìíní àti ìkẹfà jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ìkejì àti ìkarùn-ún bákan náà, ìkẹta àti ìkẹrin bákan náà, gbígbọ̀n tí méjì bá mú wá ni mẹ́rin yòókù máa ń gbà mú. Ètò iná wọn 1-5-3-6-2-4 ni, ì báà jẹ́ Mercedes, ì báà jẹ́ BMW, ì báà jẹ́ Land Cruiser.

Mo ti gbé ife omi sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Mercedes 280E kan rí níbí ní Àjàṣẹ́, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan. Mo tẹjú mọ́ omi yẹn títí. Etí ẹ̀ ń mì fẹ́ẹ́rẹ́, àárín ẹ̀ dúró, mo rí òjìji ẹ̀ka igi tó wà lókè nínú ẹ̀ kedere. A gbé ife kan náà sórí Peugeot 504 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kíá lomi náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa òrùka kéékèèké láti etí wá sáàárín, ẹ̀ka igi yẹn fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kì í ṣe pé 504 burú o, 504 ló gbé gbogbo wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1968, wọ́n tún tò ó ní Kàdúná, òun ló kó iṣu Sábẹ̀ àti àgbàdo Kétu dé ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ó sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ agbára náà. Mercedes 230E tó jáde lọ́dún 1980 ní agbára ẹṣin 136, sílíńdà mẹ́rin. 250 tó jẹ́ sílíńdà mẹ́fà nínú bọ́dì kan náà, W123, ní 140 láyé ìgbà yẹn. Mẹ́rin péré ló fi jù ú, ó tún ń mu ẹsáńsì jù ú lọ. Ẹni tó bá ń ka ìwé lásán á ní 230E ló bọ́gbọ́n mu, fún ọ̀pọ̀ èèyàn òótọ́ ni, mi ò ní bá wọn jà. Àmọ́ ẹ wa méjèèjì láti Àjàṣẹ́ lọ Pobè láàárọ̀ kùtùkùtù, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èyí tẹ́ ẹ ó fẹ́ fi padà wálé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá yé ni mò ń kọ èyí fún.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Owó tẹ́ ẹ fi rà á kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, owó ọdún kìíní lẹ́yìn tẹ́ ẹ rà á ni. Mo ti rí ẹni tó ra mọ́tò lówó pọ́ọ́kú tó wá ná ìlọ́po méjì ẹ̀ kó tó di pé ó gbẹ́kẹ̀ lé e dé Kútọnu. Ẹ pín owó yín sí méjì, kẹ́ ẹ fi apá kan pa mọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀, epo. Gbogbo wa la mọ kpayo, ẹsáńsì fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, inú ìgò àti jẹ́ríkàn lẹ́bàá ọ̀nà lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rà á, owó ẹ̀ sì ti yí padà pátápátá látìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Ẹ́ńjìnì tó ń jẹ lítà 18 lórí kìlómítà 100, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Yàtọ̀ sówó, omi àti ìdọ̀tí máa ń wà nínú epo tó ti kọjá jẹ́ríkàn mẹ́ta mẹ́rin kó tó débi ọkọ̀ yín, àwọn ẹ́ńjìnì kan lè gbé e mì, àwọn míì ò lè gbé e mì rárá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ooru. Ẹ́ńjìnì sílíńdà mẹ́fà orí ìlà gùn, orí ẹ̀ tí mẹkáníìkì wa ń pè ní kúláàsì náà gùn, irin tó gùn tí ó bá gbóná jù ló máa ń yára tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó hó lẹ́ẹ̀kan péré nínú gò-sílóò tó wà lórí afárá lọ sí Kútọnu, gásíkẹ́ẹ̀tì lè lọ, kúláàsì náà lè tẹ̀ kí wọ́n tún gbé e lọ fá. Rédíétọ̀, fáànù, omi tó mọ́ tó ní oògùn ìpata nínú, wọn ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nínú mọ́tò wọ̀nyí.

Ọwọ́ tó máa tún un ṣe ńkọ́? Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: ta ló wà nítòsí mi tó ti tú irú ẹ̀ rí? Ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ẹ ó rí ẹni tó mọ Mercedes. Ní Kétu ẹni tó mọ Toyota ló pọ̀. Ẹni tó mọ BMW àtijọ́ ṣọ̀wọ́n.

Ìkẹyìn, ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà, títì tàbí ilẹ̀ pupa. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀.

Mercedes W123: 250, 280, 280E

Láti ìparí 1975 dé ìbẹ̀rẹ̀ 1986 ni wọ́n fi ṣe bọ́dì yìí, ẹ ṣì ń rí i kiri lónìí. Sílíńdà mẹ́fà méjì ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni M123, lítà 2.5, ọ̀pá káámù (èyí tó ń ṣí fáàfù) kan lórí, kábúrétọ̀, òun ló wà nínú 250. Èkejì ni M110, lítà 2.8, káámù méjì, ó wà nínú 280 tó ní kábúrétọ̀ àti 280E tó ní K-Jetronic. 280E ló lágbára jù, 177 níbẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e dé 185 lọ́dún 1978.

Mo fẹ́ràn M110 dénú. Irin ni gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ṣéènì ló ń yí káámù ẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń kọrin tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìyípo 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, ohùn ẹ̀ á ki, á tún mọ́, kò ní já. Ìṣòro ẹ̀ ni K-Jetronic yẹn. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀, awo kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè ló ń ti písítìn tín-ín-rín kan nínú ẹ̀rọ tó ń pín epo, písítìn yẹn ló ń díwọ̀n epo fún sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, àmọ́ àyè tí písítìn yẹn fi ń rìn kéré gan-an, tí omi bá wọ ibẹ̀ á dípẹtà, tí ìdọ̀tí bá wọ ibẹ̀ á há. Mọ́tò tó ti jókòó fún ọdún kan pẹ̀lú kpayo nínú táǹkì, ẹ má retí kó stáàtì. Ẹni tó bá fẹ́ ra 280E, ẹ kọ́kọ́ pinnu pé ibùdó epo gidi lẹ ó máa ti ra ẹsáńsì, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ fílítà epo lásìkò tó yẹ.

250 ló yẹ kó rọrùn jù torí kábúrétọ̀ ló ní, àmọ́ kábúrétọ̀ ọ̀hún, Solex 4A1, ẹnu mẹ́rin ló ní, ó díjú, ooru máa ń jẹ́ kí ara ẹ̀ tẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá máa jò wọlé. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ dànù wọ́n fi Weber sí i. Tẹ́ ẹ bá rí 250 tí Weber wà lórí ẹ̀, tí ẹni tó ṣe é sì ṣe é dáadáa, ẹ má bínú sí i, mọ́tò tó ń rìn ni. Kò ní yára. Ó máa ń gbéra bí àgbàlagbà tó ń dìde lórí ẹní, tó bá ti wá dìde tán kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Lítà 13 sí 15 lórí kìlómítà 100 ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn fún irú wọ̀nyí. Ẹ yẹ ìdí bọ́dì wò dáadáa torí ìpata, pàápàá tí mọ́tò náà bá ti gbé létí òkun.

Mercedes W124: 260E àti 300E

Òun làwọn ará Nàìjíríà ń pè ní V-boot. Ẹ́ńjìnì M103 ló wà nínú ẹ̀, ó jáde lọ́dún 1985, lítà 2.6 tàbí 3.0, káámù kan, fáàfù 12, ṣéènì. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń sọ yìí, òun ni mo rò pé ó rọrùn jù láti máa gbé lójoojúmọ́. Kò díjú bíi M110, fáàfù ẹ̀ ń tún ara ẹ̀ ṣe, kò sí pé ẹ ń ṣí i kẹ́ ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ó fúyẹ́ díẹ̀ lórí epo, lítà 11 sí 13.

Àìsàn ẹ̀ ò pọ̀, gbogbo mẹkáníìkì Mercedes ló sì mọ̀ ọ́n. Ọ́ìlì á máa jò níwájú lókè níbi tí ọmọríi ṣéènì wà, á tún máa jò láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì kúláàsì lẹ́yìn lápá ọ̀tún. Rọ́bà fáàfù á gbó, èéfín búlúù á jáde láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá stáàtì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan á lọ. Èyí ò pa ẹ́ńjìnì, ẹ kàn máa wo ọ́ìlì.

Ọ̀kan wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn láìnídìí. 260E ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú kan, iná ABS tàn, ó ń kú tó bá dé ibi iná pópó, mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ rí i ní kó lọ ra gbogbo ẹ̀rọ epo tuntun. Mo ní kó dúró ná. Àpótí kékeré kan wà lẹ́yìn bátìrì, fíúsì pupa 10 wà lórí ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dáàbò bo àwọn ẹ̀rọ oníná lọ́wọ́ iná tó bá pọ̀ jù. A yọ ọ́, a gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ouando. Ó ṣí i, ó fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó pè mí kí n wá wò. Lábẹ́ ẹsẹ̀ irin kan, òjé tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti là yí ká bí irun, òrùka dúdú tín-ín-rín. Ó fi iná yọ́ òjé tuntun sí i, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. A fi í padà, iná ABS kú, ẹ́ńjìnì dákẹ́ jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi dúró níbẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Ẹ rántí àpótí yẹn kẹ́ ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀rọ epo yín.

Irú tó tẹ̀ lé e, M104 tó ní fáàfù 24, lágbára jù ú lọ, àmọ́ àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1992 sí 1995 ní ìṣòro wáyà inú ẹ́ńjìnì, rọ́bà ara wáyà náà máa ń fọ́ dànù bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ fọwọ́ tẹ wáyà yẹn díẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

BMW: 320i, 325i, 520i

Ní ti kí ẹ́ńjìnì kéré kó sì dùn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bí àwọn ará Munich. Ẹ́ńjìnì M20 tó wà nínú 320i jẹ́ lítà 2.0, 1990 cc ni. Ẹ pín in sí mẹ́fà, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ò ju agolo kóòkì kan lọ. Peugeot 505 tó jẹ́ lítà méjì náà, mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ohun tó jẹ́ kí 320i máa dùn bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ sílíìkì kọjá lára nìyẹn, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, kò sóhun tó wúwo tó ń sáré lọ sáré bọ̀. Agbára ẹ̀ kò ju nǹkan bí 125 sí 129 lọ, ẹ ní láti máa yí gíà kó tó lè sáré, mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. 325i lítà 2.5 ní bíi 170, ìyẹn ti yàtọ̀.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ níbẹ̀ ni bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí káámù M20, tó bá já, písítìn á lù fáàfù. Mo ra 320i kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ó búra fún mi pé òun ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, mo gbà á gbọ́ torí pé ẹnu ẹ̀ dùn tí mọ́tò náà sì mọ́. Oṣù kejì, lójú ọ̀nà Sakété, láàárọ̀, ẹ́ńjìnì kú. Kò ké, kò lu, ó kàn dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó ń yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó yára ju bó ṣe máa ń yí lọ, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ti tutù kí n tó jáde. Nígbà tí wọ́n ṣí i, eyín bẹ́líìtì náà ti fá dànù bí eyín àgbàlagbà, kọ́ọ̀dù inú ẹ̀ ti yọ síta, fáàfù márùn-ún ti tẹ̀, méjì nínú àwọn apá kékeré tó ń tẹ fáàfù ti ṣẹ́. Mo ti tún un ṣe, mo ṣì fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ látọjọ́ yẹn mi ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu lórí bẹ́líìtì mọ́. Tẹ́ ẹ bá ra M20 lónìí, ọ̀la ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì, rólà tó ń fà á le àti pọ́ǹpù omi pọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn 60,000 kìlómítà tàbí ọdún mẹ́rin ẹ tún un ṣe.

Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yẹn, kó wá M50 tó jáde lọ́dún 1990, ó wà nínú 520i àti 525i bọ́dì E34. Ṣéènì ló ní, fáàfù 24, lítà méjì ẹ̀ ní agbára ẹṣin 150. Ìkùnà ẹ̀ ni ọ̀rá (pílásítíìkì): abẹ tó ń yí nínú pọ́ǹpù omi ẹ̀ ọ̀rá ni, ilé tẹmọsítáàtì náà ọ̀rá ni, ooru ilẹ̀ wa á sọ wọ́n di ẹlẹgẹ́. Ẹ wá èyí tó jẹ́ irin rọ́pò wọn.

Píẹ́ẹ̀sì BMW kò sí nílé bíi ti Mercedes. Ẹ ó máa dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí láti Kútọnu, ẹ ó máa fi fótò ránṣẹ́ kí wọ́n má bàa ra òmíràn wá.

Peugeot 604

Wọ́n ṣe é láti 1975 dé 1985, V6 ló ní, ìyẹn sílíńdà mẹ́fà tí wọ́n tò ní mẹ́ta-mẹ́ta bíi lẹ́tà V, lítà 2.7, èyí tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ dáwó ṣe. Mo fi í kún un torí pé Peugeot ni, àwọn èèyàn wa gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ yẹn, ìjókòó ẹ̀ sì rọ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ, kò sí mọ́tò tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí kòtò bíi tiẹ̀.

Àmọ́ ní ti ẹ́ńjìnì, kì í ṣe ohun tí mo ṣàlàyé lókè yẹn. V8 ni wọ́n kọ́kọ́ gbèrò láti fi ṣe, wọ́n wá gé e kù sí mẹ́fà láìyí igun ẹ̀ padà, ó dúró sí ìgun 90. Iná ẹ̀ kì í wá ní àlàfo kan náà, èyí á yá, èyí á pẹ́, ẹni tó ń gún iyán lẹ́ẹ̀kẹta ń ṣi ìlù. Lójú kan ẹ máa gbọ́ ọ. Àlùmíníọ̀mù ni bọ́lọ́ọ̀kù ẹ̀, ó sì ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun lásìkò gan-an kí káámù ẹ̀ má bàa jẹ. Píẹ́ẹ̀sì ẹ̀ ṣọ̀wọ́n báyìí, a máa pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí.

Land Cruiser 60: 2F àti 3F

Àbúrò mi, fótò kẹta tó o fi ránṣẹ́ nìyí, òun ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ẹ̀.

Láti 1980 dé 1990 ni wọ́n ṣe bọ́dì yìí. Ẹ́ńjìnì 2F jẹ́ lítà 4.2, 3F tó rọ́pò ẹ̀ jẹ́ lítà 4.0. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan 2F ju ìgò bíà ńlá kan lọ. Irin ni bọ́lọ́ọ̀kù, irin ni kúláàsì, káámù ẹ̀ wà nísàlẹ̀, gíà irin ló ń yí i, kò sí bẹ́líìtì tó máa já, kò sí ṣéènì tó máa fà. Kò fẹ́ ìsáré, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á pariwo lásán. Ìsàlẹ̀ ni agbára ẹ̀ wà. Ẹ fi gíà kẹta sí i lórí ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa yí ní ìyípo 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, á máa fà yín lọ bí màlúù tó mọ ọ̀nà ilé.

Nǹkan tó mú inú mi dùn jù níbẹ̀ ni bó ṣe ṣeé tún ṣe. Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ gbòòrò, ẹ lè rí ilẹ̀ látòkè. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá àgbà kan ní Kétu tún fáàfù 2F ṣe. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná tán kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ọmọríi, ó mú irin pẹlẹbẹ 0.20 mílímítà fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.35 fún èyí tó ń tú èéfín jáde. Á tì í sábẹ́, á fà á jáde díẹ̀díẹ̀, á tún tì í, kò wo ọwọ́ ẹ̀ rárá, ojú ẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó ń wo àwọn tó ń lọ ọjà, ọwọ́ ẹ̀ ló ń gbọ́. Tó bá ti bá a mu, á mi orí, á sún sí èyí tó kàn. Lẹ́yìn tó parí tó stáàtì ẹ̀, ariwo ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ tó ń ṣe láàárọ̀ ti lọ. Spánà méjì àti irin pẹlẹbẹ, kò lo nǹkan míì.

Kábúrétọ̀ ẹ̀ kò bínú sí kpayo bíi K-Jetronic, tí ìdọ̀tí bá wọ̀ ọ́ ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó lọ. Àmọ́ epo! Lítà 18 sí 20 lórí kìlómítà 100, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ sí Kétu tó bíi 100 kìlómítà, ẹ lọ ẹ bọ̀, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sun 40 lítà. Ẹ má fi í ṣe mọ́tò ọ́fíìsì, a jẹ́ pé ẹ ń wá ìyà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn Toyota náà tí kò lè sanwó ẹsáńsì, 1HZ wà, gásíọ́ọ̀lì ló ń mu, sílíńdà mẹ́fà, lítà 4.2, ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990. Bẹ́líìtì ló ní, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa bẹ́líìtì. Owó tí wọ́n ń béèrè lórí ẹ̀ ga torí gbogbo ayé ló ń wá a.

Ta ló máa mú èwo

Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́ tó ń lọ Kútọnu láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, 260E ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ tó rántí 300E, torí ìyàtọ̀ tó wà láàárín agbára wọn kò níṣẹ́ tó máa ṣe nínú gò-sílóò, rédíétọ̀ tuntun ni kẹ́ ẹ fi owó tó kù ṣe.

Ẹni tí mọ́tò míì wà nílé ẹ̀, tó fẹ́ nǹkan tó máa gbé jáde lópin ọ̀sẹ̀, tó lè fara balẹ̀ ra epo tó mọ́, 280E ni, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Tówó ò bá tó, 250 tó ní Weber.

Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn kó máa yí gíà fúnra ẹ̀, tó sì lè dúró de píẹ́ẹ̀sì, 520i tó ní M50. M20 náà dáa, mo ní ọ̀kan, àmọ́ kìkì tẹ́ ẹ bá ti ní owó bẹ́líìtì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń rà á. 604, mo máa fún ẹni tó ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀ tó ń tú fi ṣe píẹ́ẹ̀sì, ẹlòmíràn kó má bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀.

Àbúrò mi, ìwọ tó jẹ́ pé Kétu lo wà, tó jẹ́ pé oko lò ń lọ, tí bàbá tó ń tún 2F ṣe kò jìnnà sí ilé rẹ, mú Land Cruiser yẹn. Lọ wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù kí olówó ẹ̀ tó stáàtì ẹ̀, fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, padà sílé kó o tún lọ lọ́jọ́ kejì. Tó bá tutù, ní kó stáàtì ẹ̀ lójú rẹ, kó o gbé ife omi dání.